Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọn bíà nílé, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ọmọṣẹ́ Tuntun kọ:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí láti máa pọn bíà fúnra mi. Mo ti ka oríṣiríṣi nǹkan títí orí mi fi dàrú. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi báyìí ni ìkòkò onílítà 10 kan, bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí kan tí mi ò tíì lò rí, àti ìgò òfìfo bíi mẹ́wàá. Kò sí tẹmómítà, kò sí hydrometer (ohun tí wọ́n fi ń mọ bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó nínú ọtí). Kí ni mo nílò gan-an, kí ni mo lè fi sílẹ̀? Ibo lẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ti sábà máa ń ṣì í ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín.

Bàbá Ìkòkò kọ:
Káàbọ̀, àbúrò. Ta ló máa fi ọ́ ṣẹ̀sín? Gbogbo wa níbí la ti da ọtí nù rí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí, torí òun ni kò yé èmi náà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ìwọ kọ́ lo máa ṣe bíà. Ìwúkàrà ló ń ṣe é. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o se omi dídùn jáde lára mọ́ọ̀tì, ìyẹn ọkà báálì tí wọ́n rẹ sómi títí ó fi hù, tí wọ́n wá yan gbẹ. Wàá fi hops, ìyẹn òdòdó ewéko kan, sí i kó lè korò díẹ̀, kó sì ta sánsán. Lẹ́yìn náà, wàá mú un tutù, wàá gbé e fún ìwúkàrà nínú ohun èlò tó mọ́, wàá sì yàgò fún un. Yóò jẹ ṣúgà inú omi náà, yóò sọ ọ́ di ọtí àti gáàsì. Òfin bíà tí wọ́n ṣe ní Bavaria, nílẹ̀ Jámánì, lọ́dún 1516 sọ pé omi, ọkà báálì àti hops nìkan ni kí wọ́n máa lò. Kò tiẹ̀ dárúkọ ìwúkàrà. Àwọn tó ń pọn ọtí nígbà náà rí i pé ọtí ń hó, wọn ò mọ ẹni tó ń hó o. Ó di nǹkan bí ọ̀rúndún 19 kí Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Faransé, tó fi hàn pé ohun ẹlẹ́mìí kékeré ló wà nídìí ẹ̀.

Tí o bá ti ń wò ó báyìí, wàá mọ ohun tó yẹ kó ká ọ lára: ìmọ́tótó, ìwọ̀n ooru, àti sùúrù. Tẹmómítà ni kí o kọ́kọ́ rà. Hydrometer ló tẹ̀ lé e. Ìyókù lè dúró.

Ìyá Hops kọ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Àbúrò, má gbìyànjú lítà 20 lẹ́ẹ̀kan náà bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ sínú ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà. Lítà 5 ni ìkòkò tìrẹ lè gbà láìsí wàhálà. Tó bá bàjẹ́, ohun tó bàjẹ́ ò pọ̀.

Fún ti àkọ́kọ́, mọ́ọ̀tì elẹ́bú ni kí o lò, èyí tí wọ́n ti fún omi dídùn rẹ̀ jáde tí wọ́n sì ti gbẹ ẹ́ di lúbúlúbú. Gíráàmù 600 tó fún lítà 5. Bu omi bíi lítà 6 sínú ìkòkò (lítà kan tó lé á fẹ́ lọ), jẹ́ kó gbóná, gbé ìkòkò kúrò lórí iná kí o tó da mọ́ọ̀tì náà sí i, torí tó bá dì sí ìdí ìkòkò, yóò jóná. Rò ó dáadáa, dá a padà sórí iná. Nígbà tó bá hó, da gíráàmù 10 hops sí i, kí o wo ara páálí rẹ̀ pé ìwọ̀n kíkorò rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní alpha acid, wà ní nǹkan bíi 5%. Jẹ́ kó hó fún wákàtí kan. Ó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, o tún da gíráàmù 5 sí i. Ti àkọ́kọ́ ló ń mú un korò, ti ìgbẹ̀yìn ló ń fún un ní òórùn. Òórùn hops kì í pẹ́ nínú omi híhó, gbogbo ẹ̀ ló ń bá ooru omi lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá da gbogbo hops ẹ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ ṣe máa ń ráhùn pé bíà òun korò lásán.

Má dé ìkòkò pa nígbà tó bá ń hó o. Àwọn nǹkan kan wà nínú mọ́ọ̀tì tó yẹ kó bá ooru omi jáde. Tó bá há síbẹ̀, bíà náà á máa rùn bí àgbàdo sísè.

Olóríkunkun kọ:
Mo bọ̀wọ̀ fún Ìyá Hops, ṣùgbọ́n ẹlẹ́bú yẹn kọ́ ni kó lò. Ọkà gan-an ni kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, aṣọ asẹ́ kan ló máa ná an. Wá mọ́ọ̀tì kílò 1.2 tí wọ́n ti là, kì í ṣe èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná o. Gbé aṣọ náà sínú omi lítà 7, da ọkà sí i, kí ìwọ̀n ooru ẹ̀ wà láàárín 65°C sí 67°C fún wákàtí kan. Àwọn ẹ́ńsáìmù inú ọkà yóò sọ sítáàṣì rẹ̀ di ṣúgà. Ẹ tọ́ ọ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ tún tọ́ ọ wò lẹ́yìn wákàtí kan. Ohun tó rí bí omi ìyẹ̀fun tẹ́lẹ̀ á ti dùn bí oyin, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ṣúgà sí i. Ìgbà yẹn gan-an lẹni tó ń pọn ọtí máa mọ̀ pé òun ń pọn ọtí.

Tí o bá fẹ́ kí bíà náà fúyẹ́ lẹ́nu, rọra jẹ́ kó wà ní 63°C sí 64°C. Tí o bá fẹ́ kó ki díẹ̀, 69°C.

Ìyá Hops kọ:
Olóríkunkun, kò tíì ní tẹmómítà, ẹ ti ń sọ 63 àti 69 fún un. Ẹ jẹ́ ọmọ rá ná kó tó rìn.

Olóríkunkun kọ:
Ẹ ṣẹ́gun, mà. Ti ẹ̀ẹ̀kejì ni kó fi ṣe.

Ọwọ́ Mímọ́ kọ:
Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀pọ̀ fi ń kọ iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni fífọ nǹkan, ọ̀tọ̀ ni pípa kòkòrò ara rẹ̀. O kò lè pa kòkòrò tó wà lábẹ́ ìdọ̀tí, nítorí náà fífọ ló ṣíwájú. Lẹ́yìn náà ni wàá wá fi apakòkòrò ṣan án, èyí tí wọ́n ṣe fún pípọn ọtí, tí kò nílò kí o tún fi omi ṣàn án nù.

Ohun tó bá kan omi mọ́ọ̀tì kí ó tó hó, iná á bójú tó o. Gbogbo ohun tó bá kàn án lẹ́yìn tó ti hó ni kí o pa kòkòrò ara rẹ̀: bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìdérí, ṣíbí, rọ́bà tí o fi ń fa ọtí, sísọ́ọ̀sì tí o fi gé páálí ìwúkàrà. Mo tún un sọ, sísọ́ọ̀sì! Má sì fi kànrìnkàn líle ha inú bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke. Inú ojú ibi tí o ha yẹn ni kòkòrò máa ń sá pamọ́ sí.

Èmi lo bílíìṣì nígbà kan, mo rò pé mo ti ṣàn án tán. Bíà yẹn hó dáadáa, ó mọ́ gaara, ṣùgbọ́n tí o bá gbé e súnmọ́ imú, bí ìgbà tí o ṣí pílásítà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú egbò ni. Lítà 19, mo dà á sí gọ́tà. Klórínì inú bílíìṣì ló fà á, ó máa ń dara pọ̀ mọ́ àwọn nǹkan kan nínú mọ́ọ̀tì, ìwọ̀nba bíńtín ni imú sì máa fi mọ̀. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi klórínì sí náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Sè é tàbí kí o gbé e kalẹ̀ láìdé mọ́jú, klórínì á fò lọ. Tó bá jẹ́ chloramine, oríṣi klórínì mìíràn, ni wọ́n fi sí i, kì í fò lọ bẹ́ẹ̀, hóró Campden, èyí tí àwọn tó ń pọn ọtí máa ń sọ sínú omi, ló ń ṣẹ́gun ẹ̀.

Ìgò Fọ́ kọ:
Orúkọ mi ti sọ ìtàn mi. Ọjọ́ karùn-ún ni mo rọ ọtí mi sígò, torí airlock (ohun kékeré olómi tó wà lórí ìdérí, tí gáàsì ń gbà jáde láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé) ti dákẹ́. Mo fojú díwọ̀n ṣúgà tí mo fi sí ìgò kọ̀ọ̀kan. Lóru ọjọ́ kan báyìí, mo gbọ́ gbàù nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ṣe bí olè ni. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, òmíràn tún bú. Ẹ̀rún ìgò kan wọnú pákó ilẹ̀kùn, ó wà níbẹ̀ dòní, mi ò yọ ọ́, kó lè máa rán mi létí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìwúkàrà ò tíì jẹ ṣúgà inú omi mọ́ọ̀tì tán nígbà tí mo dé e pa, mo tún wá fi ṣúgà lé e lórí. Gáàsì ò rọ́nà jáde. Airlock tó dákẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Hydrometer ni ẹ̀rí, ìyẹn ọ̀pá dígí tó ń léfòó nínú ọtí, bí ṣúgà bá ṣe ń tán ló ń rì sí i. Kà á lónìí, kà á lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Tí nọ́ńbà ò bá yẹ̀, ó tán nìyẹn.

Ní ti ṣúgà ìgò, gíráàmù 6 sí 7 fún lítà kan. Fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́. Sè é pọ̀ mọ́ omi díẹ̀, dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mímọ́ mìíràn, kí o wá rọra fa bíà lé e lórí. Ìgò tó nípọn, tó ti gbé bíà rí, ni kí o lò. Ìgò wáìnì ò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Rọ ẹyọ kan sínú ìgò oníke tó rọ̀. Bí gáàsì bá ṣe ń pọ̀ nínú ẹ̀ ló máa ń le. Tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, òun ló máa sọ fún ọ bí àwọn onídígí ṣe wà.

Ọmọṣẹ́ Tuntun kọ:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ̀rù ìgò wá ń bà mí ju ẹ̀rù ọtí lọ. Ìbéèrè kékeré kan: ṣé kò sí wàhálà òfin? Ẹnì kan ló sọ fún mi pé ọtí ilé lè fọ́ni lójú.

Bàbá Ìkòkò kọ:
Ọtí tí wọ́n ń gbé sórí iná láti fa ògidì rẹ̀ jáde lẹni yẹn gbọ́ nípa ẹ̀. Kò kan bíà. Má ṣe dán irú ìyẹn wò nílé. Òfin orílẹ̀-èdè púpọ̀ kọ̀ ọ́, ó sì ń dáná sunlé.

Ní ti bíà, wo òfin ibi tí o ń gbé. Kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti fàyè gbà á, ibi tí wọ́n ti fàyè gbà á náà lè fi òté lé iye rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1978 ni Ààrẹ Jimmy Carter tó buwọ́ lu òfin ìjọba àpapọ̀ tó fún àwọn ènìyàn láyè láti pọn ọ́n nílé. Títà ni kí o jìnnà sí. Ìyẹn fẹ́ ìwé àṣẹ.

Olóoru kọ:
Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ ooru dáadáa. Lẹ́yìn tí omi mọ́ọ̀tì bá ti hó tán, gbé ìkòkò sínú báfù omi àti yìnyín, kó yára tutù. Má da ìwúkàrà sí i tí kò bá tíì sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bíi 20°C. Èyí tó gbóná á pa á, èyí tó lọ́wọ́ọ́wọ́ á dà á láàmú. Ìwúkàrà ale (irú bíà tó ń hó nínú yàrá tí kò tutù jù) ni kí o lò, ti lager, oríṣi bíà kejì, fẹ́ ibi tó tutù bíi 8 sí 12°C, ìyẹn á béèrè fíríìjì lọ́wọ́ rẹ. Páálí ìwúkàrà gíráàmù 11 wà fún nǹkan bíi lítà 20, nítorí náà ìdajì rẹ̀ ti tó fún ọ láṣẹ́kù.

Ohun tí wọn kì í sọ fún ènìyàn ni pé ìwúkàrà fúnra rẹ̀ máa ń mú ooru jáde. Tí yàrá bá wà ní 20°C, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì lè fi ìwọ̀n díẹ̀ ga jù ú lọ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ìgbà yẹn gan-an ni adùn bíà ń wọlé. Tó bá gbóná jù, ẹnu ẹ á máa ta bí ògógóró. Gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sínú báfù omi, fi aṣọ tútù wé e, kí etí aṣọ náà wà nínú omi, tan fáànù sí i. Tí kò bá tó, máa ki ìgò omi dídì sínú báfù láàárọ̀ lálẹ́.

Ọmọṣẹ́ Tuntun kọ:
Mo ti ṣe é o! Àná, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo tẹ̀lé ìlànà Ìyá Hops. Ó rú kọjá etí ìkòkò nígbà tí mo lọ gbé fóònù, gbogbo orí sítóòfù lẹ̀ mọ́ra. Hydrometer kà 1.046 (omi lásán jẹ́ 1.000). Ìwúkàrà wọlé ní 21°C. Ṣùgbọ́n ó ti tó wákàtí 20 báyìí, airlock ò mira. Mo ti ṣí i wò lẹ́ẹ̀mẹrin. Ṣé mo ti pa á ni?

Ọwọ́ Mímọ́ kọ:
Ẹ̀ẹ̀mẹrin! Dákun, pa á dé. Ìgbàkígbà tí o bá ṣí i lò ń pe kòkòrò wá jẹun.

Bàbá Ìkòkò kọ:
Kò kú. Ó lè tó ọjọ́ kan, ó lè tó mẹ́ta nígbà míràn, kó tó fara hàn. Ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì náà sì lè má bá ẹnu rẹ̀ mu dáadáa, kí gáàsì máa gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Tan tọ́ọ̀ṣì sí ara ike náà láti ìta. Tí o bá rí òrùka ìfófó ràkọ̀ràkọ̀ lókè omi, ó ti ń ṣiṣẹ́.

Ọmọṣẹ́ Tuntun kọ:
Mo rí i! Ó rí bí ìfófó kọfí. Airlock náà ti bẹ̀rẹ̀, pọ̀ọ́, pọ̀ọ́, pọ̀ọ́. Mo gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Ọmọṣẹ́ Tuntun kọ:
Ó di ọjọ́ kẹtàlá. Hydrometer kà 1.012. Mo tọ́ ọ wò, kò burú, ṣùgbọ́n ó ń rùn bíi bọ́tà díẹ̀. Ṣé kí n gbé e sí bọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn? Mo kà á níbì kan pé kí wọ́n gbé e kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀.

Ìyá Hops kọ:
Má gbé e síbì kankan. Ìwúkàrà ló ṣe bọ́tà yẹn, òun náà ni yóò jẹ ẹ́ tán tí o bá fi í sílẹ̀ lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta sí i. Tí o bá gbé e, atẹ́gùn á tún wọ̀ ọ́. Kí ìwúkàrà tó wọ inú rẹ̀ ni atẹ́gùn dára fún un. Lẹ́yìn tó bá ti di bíà, atẹ́gùn ń sọ ọ́ di ohun tó ń lẹ́nu bíi páálí tó rẹ sómi.

Tó bá jẹ́ ápù tí kò pọ́n lò ń gbóòórùn, sùúrù náà ni. Tó bá jẹ́ ọtí kíkan, ìyẹn ò ní oògùn.

Ọmọṣẹ́ Tuntun kọ:
Ọjọ́ kẹrìndínlógún. Ó ṣì wà ní 1.012, bọ́tà ti lọ. Mo fi 1.012 yọ kúrò nínú 1.046, mo fi 131.25 sọ èyí tó kù di púpọ̀, ó fún mi ní nǹkan bíi 4.5%, ìyẹn bí ọtí inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Mo rí lítà 4.2 fà, ìyókù ti di ẹrẹ̀ nísàlẹ̀. Ṣúgà gíráàmù 27, mo wọ̀n ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ẹ̀gbọ́n Ìgò Fọ́. Ìgò mẹ́jọ, oníke kan wà nínú wọn. Gbogbo wọn wà nínú kúlà tí mo dé lórí, tí ọ̀kan bá bú, ibẹ̀ ni yóò bú sí.

Ìgò Fọ́ kọ:
Ó káre. Ṣé aláwọ̀ ilẹ̀ ni àwọn ìgò náà? Tó bá jẹ́ aláwọ̀ ewé tàbí funfun, má jẹ́ kí oòrùn rí wọn. Ìmọ́lẹ̀ máa ń ba hops inú rẹ̀ jẹ́, òórùn tó máa mú jáde kò ṣeé fẹnu sọ.

Olóoru kọ:
Ọ̀sẹ̀ méjì ní nǹkan bíi 20°C, kí o tó gbé e wọ fíríìjì. Tí o bá ti yára mú un tutù, ìwúkàrà á sùn, gáàsì ò ní wà níbẹ̀.

Ọmọṣẹ́ Tuntun kọ:
Ẹ̀yin ará, ìgò oníke ti le bí òkúta láti ọjọ́ kẹsàn-án, mo sì fara dà á di ọjọ́ kẹrìnlá. Mo ṣí ti àkọ́kọ́ lálẹ́ àná. Ó dún ṣìì. Mo rọra tẹ ife, mo dà á, mo fi èyí tó ga tó ìka kan sílẹ̀ nínú ìgò torí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ìfófó ga tó ìka méjì, ó sì dúró. Àwọ̀ rẹ̀ ṣú díẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ó korò ju bí mo ṣe fẹ́ lọ náà, ṣùgbọ́n ọtí ni. Ọtí gidi. Mo pe aládùúgbò mi kó wá tọ́ ọ wò, kò gbà pé èmi ni mo ṣe é, ó ní kí n fi ìgò tí mo ti rà á han òun.

Nígbà míràn, ṣé kí n dín hops ìbẹ̀rẹ̀ kù sí gíráàmù 7?

Ìyá Hops kọ:
Bẹ́ẹ̀ ni, kí ìyókù sì wà bó ṣe wà. Ohun kan ṣoṣo ni kí o máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí o lè mọ èyí tó ṣe é.

Olóríkunkun kọ:
Ó ti ní tẹmómítà báyìí o. Àbúrò, aṣọ asẹ́ dà?

Bàbá Ìkòkò kọ:
Ẹ jẹ́ ó sinmi ná. Àbúrò, fi ìgò méjì pamọ́ fún oṣù kan, kí o wá fi wé ti àná. Kíkorò yẹn á ti rọlẹ̀.

Ọmọṣẹ́ Tuntun kọ:
Bàbá, ẹyọ kan ló kù.